Oníbodè Bran àti Ọkàn Ayaba

Ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń torí rẹ̀ lọ sí odi Bran ní Ròmáníà kò gbé Bran rí. Ọmọ Ireland kan tó ń jẹ́ Bram Stoker ló kọ ìtàn àròsọ nípa Dracula, òkú amùjẹ̀ tí à ń wí yìí, lọ́dún 1897, òun náà kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ròmáníà títí tó fi kú. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé ẹsẹ̀ òkè tí ilé olódi náà dúró lé, eyín òkú amùjẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà ṣe ni ẹ ó kọ́kọ́ rí lórí àtẹ, àti ife tí wọ́n ya ẹ̀jẹ̀ sí lára, àti agbádá dúdú fún àwọn ọmọdé. Obìnrin tó fi ibẹ̀ ṣe ilé ní tòótọ́, tó gbin òdòdó sí i, tí wọ́n sì gbé ọkàn rẹ̀ wá síbẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò pọ̀ lórí àtẹ wọ̀nyẹn. Nítorí obìnrin náà ni mo ṣe mú gègé.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní London la jọ rin ìrìn àjò yìí. Bucharest, olú ìlú Ròmáníà, la dé sí. Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó àlejò lọ wo ààfin kò wọ́n níbẹ̀, owó wọn kò sì ga. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kọ̀ jálẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká gba mọ́tò àti atọ́nà tiwa. Mi ò fẹ́ ẹni tí á máa fi aago lé mi kiri nínú ààfin.”

Mo gbà sí i lẹ́nu, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ló fẹ́ bà á jẹ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n fún wa, wọ́n gba àsansílẹ̀, kó tó di pé àbúrò mi wádìí, tó rí i pé ààfin Peleș, tí a fẹ́ kọ́kọ́ yà sí, kì í ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Nígbà tí a pè wọ́n, èsì wọn ni pé a lè máa wò ó láti ìta, pé ó ṣáà lẹ́wà níta náà. Ẹni tó ń ta ìrìn àjò ààfin tí kò mọ ọjọ́ tí ààfin ń ṣí, kò yẹ kó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kí owó wa tó padà. A wá ẹlòmíràn, a sì mú Ọjọ́bọ̀.

Kí n tètè sọ èyí fún ẹni tó bá ní in lọ́kàn láti lọ. Iye mọ́tò ni wọ́n sábà máa ń dá fúnni, kì í ṣe iye orí, nítorí náà èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá pín in kò ní mọ̀ ọ́n lára tó ẹni kan ṣoṣo. Owó ìwọlé sí ààfin kì í sábà sí nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ bèèrè, pàápàá jù lọ, bóyá ẹni tó ń wakọ̀ náà ló máa sọ ìtàn, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n wà.

Tiwa mọ méjèèjì. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, olùkọ́ ìtàn ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ká máa pe òun lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò gbà á. “Bàbá” la ń pè é láàárín ara wa, “Sà” la sì ń pè é lójú ara rẹ̀. Agogo méje àárọ̀ ló gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtura wa, nítorí títì tí wọ́n ń pè ní DN1, tó lọ sí àwọn òkè, kì í pẹ́ kún fọ́fọ́.

Ilẹ̀ títẹ́jú la kọ́kọ́ gbà kọjá, oko àgbàdo àti oko òdòdó oòrùn lọ́tùn-ún lósì. Ó tó wákàtí kan kí a tó kan Ploiești. Ìlú epo rọ̀bì ni. Lọ́dún 1857 ni wọ́n ti ń fọ epo níbẹ̀, tí Bucharest sì ń fi kẹrosíìnì rẹ̀ tan iná sí ojú pópó. Mo ṣírò rẹ̀ nínú mọ́tò: ó ku ọdún kan kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún láti ìgbà náà kí wọ́n tó rí epo ní Oloibiri tiwa. Epo yìí kan náà ló fa bọ́ǹbù wá. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1943, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ya bo Ploiești nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ ogun Hitler ti ń rí epo. Bàbá sọ̀rọ̀ yìí láìdúró, ó kàn fi àgbọ̀n júwe àwọn àgbá ńláńlá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Lẹ́yìn Ploiești ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Odò Prahova ń bá wa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, igbó sì ṣú bo àwọn òkè Carpathian lápá méjèèjì. Ìlú Sinaia wà láàárín wọn. Òkè Sínáì inú Bíbélì ló fún un lórúkọ: ìjòyè kan, Mihail Cantacuzino, lọ sí Sínáì fún ìjọsìn, nígbà tó dé, ó kọ́ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn síbí lọ́dún 1695, ó sì fi orúkọ òkè náà sọ ọ́. Ìlú ló wá dàgbà yí i ká.

Ní Sinaia ni Peleș wà, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i pé èdè wa gbọ́n. Òyìnbó a máa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe Peleș àti Bran, ṣùgbọ́n ààfin kì í ṣe odi. Wọ́n kọ́ Peleș kí ọba lè gbé inú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ sì gún. Wọ́n kọ́ Bran kí ọ̀tá má bàa kọjá. Ẹni tó bá fi ojú odi wo Peleș yóò ní kò lágbára tó, ẹni tó bá sì fi ojú ààfin wo Bran yóò ní ó ti kéré jù. Mo gbọ́ àwọn àlejò kan tí wọ́n ń sọ èyí kejì lẹ́nu ọ̀nà Bran lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Carol Kìíní ló kọ́ Peleș. Ọmọ Jámánì ni, àwọn ará Ròmáníà ló ránṣẹ́ pè é wá jẹ oyè lọ́dún 1866. Nítorí pé Austria kò fẹ́ kó lọ, orúkọ mìíràn ló fi wọ ọkọ̀ ojú irin, tó fi ìwé ìrìnnà tí kì í ṣe tirẹ̀ kọjá láàárín wọn. Ọba tó dé bí ẹni tó ń sá ló wá fìdí irú ilé yìí múlẹ̀. Lọ́dún 1873 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ogun tí Ròmáníà bá Tọ́kì jà lọ́dún 1877 kí ó tó gba òmìnira dá iṣẹ́ náà dúró, ọdún 1883 ni wọ́n tó ṣí i, síbẹ̀ wọn kò yéé fi kún un títí di 1914, ọdún tí ọba náà wàjà.

Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àpèjúwe inú rẹ̀. Bí a ti wọlé, a bọ́ sí gbàgede kan tó ga dé òrùlé, igi fínfín ni gbogbo ògiri rẹ̀, kò sí ibi tí ọwọ́ agbẹ́gilére kò dé. Dígí aláwọ̀ ni òrùlé rẹ̀, ó sì ń ṣí sọ́tùn-ún sósì kí atẹ́gùn lè wọlé. Ṣe ẹ rántí ọdún tí à ń wí? Nígbà tí ọ̀pọ̀ ààfin Yúróòpù ṣì ń tan àbẹ́là, odò kékeré tó ń jẹ́ Peleș, tó fún ilé náà lórúkọ, ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ tó ń fún un ní iná mànàmáná. Wọ́n tún ri ọ̀pá sínú ògiri tí ooru ń gbà lọ sí yàrá gbogbo. Àwọn yàrá náà sì tó ọgọ́jọ. Àwọn ohun ìjà tó wà níbẹ̀ lé ní 4,000, láti orí idà títí dé ìhámọ́ra irin tí wọ́n ń fi wọ ẹṣin. Nínú gbọ̀ngàn kékeré tí wọ́n ti ń ṣeré orí ìtàgé, Gustav Klimt wà lára àwọn tó ya àwòrán sí i lára, nígbà tí ayé kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Àbúrò mi dúró pẹ́ níwájú àkàbà igi kan. Ó ní òun ń wo iye ọdún tí ẹni tó fín in lò lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Ohun tí a torí rẹ̀ gba mọ́tò tiwa nìyẹn.

Bàbá sọ fún wa pé ọmọdé lòun nígbà tí ìjọba Ceaușescu, olórí Kọ́múníìsì Ròmáníà, ti ààfin náà pa lọ́dún 1975. Ìjọba Kọ́múníìsì ti gbà á lọ́wọ́ ìdílé ọba lọ́dún 1948, wọ́n sì fi ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún sáà kan, kí Ceaușescu tó ní kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ mọ́. “Mo kàwé ìtàn ní yunifásítì,” ó ní, “mo ṣe ìdánwò lórí Carol, mi ò sì lè wọ ilé tó kọ́.” Ọdún 1990, lẹ́yìn tí Ceaușescu ti lọ, ni wọ́n tún ṣí i. Lọ́dún 2007, wọ́n dá a padà fún Michael, ọba tí wọ́n lé kúrò lórí oyè lóṣù kejìlá ọdún 1947, ìlẹ̀kùn ibẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún àlejò títí di òní.

Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì a máa yí padà níbí, wọ́n á gbọ̀nà Bran. Bàbá ní ká tẹ̀lé òun gun òkè díẹ̀ sí i. Ààfin kékeré kan wà níbẹ̀, Pelișor, tó túmọ̀ sí Peleș kékeré. Láàárín 1899 sí 1902 ni wọ́n kọ́ ọ fún Ferdinand, ọmọ ẹ̀gbọ́n Carol tó máa jọba lẹ́yìn rẹ̀, àti Marie aya rẹ̀. Ó tutù lójú ju Peleș lọ, ó jọ ilé tí èèyàn lè sùn sí. A gun àkàbà, ó sì mú wa wọ yàrá kan tí wúrà bo ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n fi ewé ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn ará Scotland fi ṣe àmì ilẹ̀ wọn ṣe ọ̀ṣọ́ sí i. Marie fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ bó ṣe máa rí. Bàbá fi àpótí kan hàn wá níbẹ̀.

“Ẹ rántí yàrá yìí,” ni gbogbo ohun tó sọ. “Tí a bá dé Bran, màá sọ ohun tó wà nínú àpótí yìí fún yín.”

Láti Sinaia, a gba Bușteni kọjá, níbi tí àgbélébùú irin ńlá kan ti dúró lórí òkè Caraiman fún ìrántí àwọn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. A já sí Predeal, a yà sínú igbó lọ sí Râșnov. Lẹ́bàá ọ̀nà ni béárì kan jókòó sí. Ọkọ̀ ti tò síwájú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń ju búrẹ́dì sí i láti fèrèsé. Bàbá bínú gan-an. Ó ní béárì tí èèyàn bá ti fún lóúnjẹ kì í pẹ́ wọ ìlú, tó bá sì ti wọ ìlú, ìbọn ló kàn.

Nígbà tí Bran yọ, mo lóye rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àpáta kan ló dá dúró láàárín òkè méjì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ibodè ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn àwọn oníbodè ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ alájàpá lẹ́nu odi ìlú, kò tún ń wá àlàyé mọ́. Ní 1377, Louis ọba Họ́ńgárì fún àwọn ará ìlú Brașov tí kò jìnnà síbẹ̀ láṣẹ láti fi owó ara wọn àti agbára ara wọn kọ́ odi òkúta síbẹ̀. Àwọn ọmọ Jámánì tí wọ́n ń pè ní Saxon ni àwọn ará Brașov ìgbà náà, oníṣòwò pọ́ńbélé ni wọ́n. Lápá kan ibodè náà ni Transylvania, lápá kejì ni Wallachia. Aṣọ, irun àgùntàn, ata àti ohun èlò irin ń gba abẹ́ odi yìí kọjá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, wọ́n ń san owó ibodè, àwọn ọmọ ogun sì ń ṣọ́ ọ̀nà kí Tọ́kì má gba ibẹ̀ wọlé. Ìtàn owó àti ìṣọ́ ni ìtàn Bran, ó sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀.

Níbo wá ni Dracula ti jáde? Vlad kan wà lóòótọ́, tó jọba Wallachia lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín 1448 sí 1476. Bàbá rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun kan tí dírágónì jẹ́ àmì wọn, wọ́n sì ń pè é ní Dracul. Ọmọ Dracul ni Dracula. Orúkọ kejì tó ní ni Țepeș, nítorí pé igi ṣóńṣó ló fi ń gún àwọn ọ̀tá rẹ̀, tí yóò sì gbé wọn nà ró. Àwọn oníṣòwò Brașov wà lára àwọn tó fojú winá rẹ̀. Odi tirẹ̀ ni Poenari, lápá kejì òkè, níbi tí ìpele àkàbà rẹ̀ ti jẹ́ 1,480. Stoker rí orúkọ náà nínú ìwé kan ní Whitby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1890, ó fi wọ ẹlẹ́mìí èṣù inú ìtàn rẹ̀ láṣọ, ó parí. Lójú ọ̀pọ̀ ará Ròmáníà, ọba líle tó bá Tọ́kì jà ni Vlad, Bàbá kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa fi eyín rọ́bà rántí rẹ̀.

Wọ́n ní ìgbàgbọ́ tiwọn nípa òkú, ó yàtọ̀ sí ti Stoker. Strigoi ni wọ́n ń pè é. Àbúrò mi bèèrè bóyá àkúdàáyà ni. Mo rò ó wò, mo ní rárá. Àkúdàáyà tiwa a máa sá fún àwọn tó mọ̀ ọ́n, á lọ dá ilé sí ìlú mìíràn, á fẹ́yàwó, á bímọ. Bí ará ilé bá rí i lọ́jà, ó di àwátì. Strigoi kì í lọ jìnnà. Ìdílé rẹ̀ gan-an ló ń padà wá bá jà. Bàbá fetí sílẹ̀ sí èyí ju ohunkóhun tí a ti sọ láti àárọ̀ lọ, ó sì ní kí n tún un sọ.

Nínú odi náà, ògiri funfun, igi dúdú, àjà tó kéré, àkàbà tóóró tí èèyàn méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àkàbà yìí fara pamọ́ sínú ògiri, wọn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n ń tún ilé náà ṣe. Ọwọ́ Marie, obìnrin tí mo torí rẹ̀ mú gègé, ló ṣe èyí tó pọ̀ nínú àtúnṣe yìí.

Wọ́n bí i ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1875. Ọmọ ọmọ Ọbabìnrin Victoria ni, Victoria kan náà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Victoria Island l'Ékòó, tó sì gba Àìná, ọmọ Yorùbá tí ọba Dahomey kó lẹ́rú, sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Marie kò tíì pé ọdún méjìdínlógún nígbà tí wọ́n fà á fún Ferdinand, ó bá ara rẹ̀ nílẹ̀ tí kò gbédè wọn. Nígbà tí ogun dé lọ́dún 1916, tí ìdílé ọba sá lọ sí Iași, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó ń lọ láti ibùsùn sí ibùsùn láàárín àwọn ọmọ ogun tí ibà tí iná ara ń tàn kálẹ̀ (typhus) ń pa. Lọ́dún 1919, ó lọ sí Paris, níbi tí àwọn alágbára ayé ti ń pín ilẹ̀, ó bá wọn sọ̀rọ̀ kí Transylvania lè jẹ́ ti Ròmáníà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Brașov, tó wà ní Transylvania, fi kó kọ́kọ́rọ́ Bran fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 1920. Odi tó ti di àlòpatì ló gbà. Ó gbin òdòdó yí i ká, ó tún yàrá ṣe, ó sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sínú kànga àtijọ́ tó wà láàárín àgbàlá, kí òun lè máa gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ọgbà.

A jókòó sí bálíkónì onígi tó kọjú sí àfonífojì, Bàbá sì san gbèsè tó jẹ wá láti Sinaia.

Marie kú ní Pelișor, nínú yàrá wúrà yẹn, lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù keje ọdún 1938. Wọ́n sin ín sí Curtea de Argeș, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ọba sí. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọkàn òun, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìsìn kékeré tí òun kọ́ sí Balchik, létí Òkun Dúdú, níbi tí òun fẹ́ràn jù. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́ta tí Ròmáníà fi pàdánù ilẹ̀ náà fún Bùlùgáríà, lọ́dún 1940. Wọ́n gbé ọkàn náà, wọ́n gbé e wá sí Bran, wọ́n sì gbẹ́ ihò sínú àpáta tó dojú kọ odi náà fún un. Ileana, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jogún Bran, dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odi fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, ó sì sọ ọ́ ní Ọkàn Ayaba. Ọdún 1948 ni wọ́n lé òun náà jáde nílùú. Ó di ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà, ó sì kú lọ́dún 1991. Nígbà tó yá, ìjọba yọ ọkàn Marie kúrò nínú àpáta, lọ́dún 1971 wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Bucharest, ibẹ̀ ló wà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Àwọn ọmọ Ileana gba odi náà padà lọ́dún 2006. Ọkàn náà kò bá a padà.

Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀. Nísàlẹ̀, àwọn ọmọdé ń fi agbádá dúdú sáré kiri, inú wọn ń dùn, mi ò sì bínú sí wọn. Àwa tí a ti dàgbà la mọ ohun tó yẹ ká bèèrè.

Brașov la ti jẹun. Ó ti ń di ìrọ̀lẹ́, a kò ráyè wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ń pè ní Ṣọ́ọ̀ṣì Dúdú nítorí iná tó jó o ní 1689, ìta rẹ̀ la dúró sí. Wọ́n gbé mămăligă wá fún wa, tùwó àgbàdo gan-an ni, pẹ̀lú ẹran tí wọ́n fi ewé kábéèjì dì, a sì fi papanași parí rẹ̀, èyí tí wọ́n dín nínú òróró bí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, tí wọ́n da wàrà kíkan àti jáàmù lé lórí. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ DN1 dá wa dúró nígbà ìpadàbọ̀, ó kọjá agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kí a tó rí iná Bucharest.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ má jẹ́ kí atọ́nà yín fo Pelișor. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó, ẹ má sì mú ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹ gun àkàbà dé yàrá wúrà, kí ẹ wo àpótí tó wà níbẹ̀ dáadáa. Lọ́dún 2015 ni wọ́n gbé ọkàn Marie kúrò ní Bucharest, tí wọ́n gbé e padà sí yàrá tó kú sí. Ibẹ̀ ló wà báyìí.